Epo Tó Ń Kọjá sí Gberefu

Ọ̀gá wa ní kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, òun fẹ́ rí orúkọ ẹni tó ń jí epo ìjọba lórí tábìlì òun. Ayé ológun ni, ìlú le, wọ́n sì ń dá òṣìṣẹ́ dúró bí ẹni ń já ewé. Èmi ni akọ̀wé tó ń ṣọ́ epo àwọn mọ́tò ìjọba ní Àgbádárìgì. Iṣẹ́ mi ni kí n fi máìlì tí mọ́tò rìn wé epo tó mu.

Mọ́tò ìlera nìkan ni ìṣirò rẹ̀ kò bára mu. Bàbá Sẹ̀wànù ló ń wà á, ọmọ Ègùn tó tó bàbá mi lọ́jọ́ orí. Mo ti fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ wọn. Àmọ́ ilé-ìwé míṣọ́ọ̀nù tí mo lọ kọ́ mi pé èèyàn kì í dájọ́ ohun tí kò fojú rí. Mo gbàdúrà, mo sì wọ mọ́tò wọn láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀.

"Àǹtí elépo, ṣé ẹ wá ṣọ́ mi ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ẹ di ilẹ̀kùn yín mú, kì í tì."

A gbé Nọ́ọ̀sì, tòun ti àpótí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nígbà tí a dé etí ọ̀sà, Bàbá fi rọ́bà fa epo mọ́tò sínú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n sì dà á sínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ìjọba.

"Bàbá, ẹ ò tilẹ̀ fi pamọ́?"

"Kí n fi pamọ́ fún ta? Ìjọba ti gé epo ọkọ̀ yìí. Ṣé kí Nọ́ọ̀sì lúwẹ̀ẹ́ dé Gberefu ni?"

"Kí ló dé tí ẹ ò kọ ọ́ sílẹ̀?"

"Fọ́ọ̀mù yín bi mí ní máìlì, ó bi mí ní nọ́ńbà mọ́tò. Kò bi mí ní omi."

Ní Gberefu lódìkejì ọ̀sà, àwọn ìyá ọmọ ti jókòó sábẹ́ àgbọn, wọ́n ń dúró. Ọmọ kan tọ̀ sí mi lára. Ìyá rẹ̀ ní ìbùkún ni. Mo ní àmín.

Nígbà tí a padà, mo fi igi wọn epo tó ṣẹ́kù. Odindi kẹ́ẹ̀gì ni Bàbá ń bù nítorí ìbẹ̀rù afẹ́fẹ́, ìdajì ni ọkọ̀ ń mu, ìyókù sì ń gbẹ dànù nínú oòrùn. Lọ́tẹ̀ yìí, a dá ìyókù padà sínú mọ́tò. Mo pa orúkọ wọn rẹ́, mo sì fa ìlà tuntun sí fọ́ọ̀mù: ọkọ̀ ojú omi.

"Ta ló ní kí o fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù ìjọba?" Ọ̀gá bi mí lọ́jọ́ Ẹtì.

"Èmi ni, sà. Bí ẹ bá máa dá ẹnì kan dúró, ẹ dá èmi dúró."

Wọ́n wo ìwé náà títí. "Ìdajì kẹ́ẹ̀gì. Ó dá ọ lójú?"

"Ọwọ́ mi ni mo fi wọ̀n ọ́n, sà."

Wọ́n buwọ́ lù ú. Ìlà náà ṣì wà lórí fọ́ọ̀mù títí mo fi fẹ̀yìn tì, ọpẹ́ ni fún Olúwa.

Nígbà tí mo sọ fún Bàbá Sẹ̀wànù lọ́jọ́ Ẹtì yẹn pé Ọ̀gá ti buwọ́ lù ú, wọ́n kọjú sí sítíárì.

"Àǹtí, mo ti fọ aṣọ iṣẹ́ mi, mo ti lọ̀ ọ́, kí n lè dá a padà fún ìjọba."

"Bàbá, ẹ wọ̀ ọ́ wá lọ́jọ́ Ajé."