Ìkòkò Ògì Tí Mo Fọ̀ Mọ́ Jù

Ìyá ọkọ mi kì í jẹ́ kí ọṣẹ kan ìkòkò ògì rẹ̀. Omi lásán ló fi ń ṣàn án, á sì dé e padà. Inú ìkòkò amọ̀ náà ń yọ̀ bí ara ẹja àrọ̀. Látìgbà tí mo ti wọlé ọkọ ní Sábọ̀n Gàrí, nílẹ̀ Hausa, ló ti ń kọ mí lóminú, àmọ́ ìyàwó wo ló máa sọ fún ìyá ọkọ pé ìkòkò yín dọ̀tí? Gbogbo ojúlé wa ló ń ra ògì yẹn.

Nígbà tí àkọ́bí mi pé oṣù mẹ́fà, Màmá fẹ́ lọ sí Ọ̀fà fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó ní ọwọ́ òun lọmọ á ti kọ́kọ́ lá ògì, kí n rẹ ọkà bàbà sílẹ̀ de òun. Ó fi omidùn, omi kíkan orí ògì àtijọ́, sílẹ̀ nínú ike kan.

“Bu èyí sí i tó o bá ń rẹ ọkà. Má gbàgbé o.”

“Mo ti gbọ́, mà.”

Mo gbọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mo lọ ṣí nóòtù bàólójì tí mo fi ṣe sẹ́kọ́ńdírì, èyí tí mi ò lè jù nù. Mo ti ya àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí síbẹ̀ nígbà náà, oríṣi mẹ́rin: bakitéríà bí ìlẹ̀kẹ̀ àti bí hóró ìrẹsì, fọ́ńgọ́ọ̀sì bí òwú tó ta kókó, fáírọ́ọ̀sì bíi bọ́ọ̀lù ẹlẹ́gùn-ún, porotosóà bí epo tó dà sórí omi. Mo kọ àìsàn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: taifọ́ọ̀dù, làpálàpá, èéyi, ibà. Mo wo ọmọ mi, mo wo ìkòkò.

Mo da omidùn nù. Mo gbé omi kaná, mo da bílíìṣì sínú ìkòkò, mo fi kànìnkàn ha á títí ó fi funfun bí ẹfun. Inú mi dùn débi pé mo pe ọkọ mi kó wá gbóòórùn ẹ̀.

“Ó ń rùn bí ọsibítù,” ló wí.

Mo rò pé ó yìn mí ni.

Mo rẹ ọkà. Ní ọjọ́ kejì, kò kan. Ní ọjọ́ kẹta, irun dúdú bí irun ológbò ti bo ojú omi, ó ń rùn bí aṣọ tútù tí wọ́n gbàgbé sínú báàgì. Ní ọjọ́ kẹrin, Màmá wọlé, ẹrù ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ṣí ìkòkò kó tó gbé ọmọ.

“Ìyàwó.”

“Mà.”

“Omidùn tí mo fi sílẹ̀ ńkọ́?”

“Mo dà á nù, mà. Kòkòrò ni mò ń sá fún.” Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀. “Mo tún fi bílíìṣì fọ ìkòkò. Ẹ má bínú, nítorí ọmọ ni.”

“O lé àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ jáde, o wá fi ilé sílẹ̀ gbayawu. Ta lo rò pé ó máa wọlé?”

Màmá ò ka bàólójì rí. Mo wá rántí pé tíṣà wa sọ ọ́: bakitéríà kan wà tó ń mú wàrà kan, fọ́ńgọ́ọ̀sì kan wà tó ń mú búrẹ́dì wú. Etí ìwé ni mo kọ ọ́ sí, wínníwínní, nítorí wọ́n ní kò ní jáde nínú ìdánwò.

“Látìgbà tí mo ti ń pọn ọkọ ẹ ni mo ti ń bu omi ti àná sí tòní,” ni Màmá wí. “Kò já rí.” Ó jókòó sórí àpótí, ó ń fi ọwọ́ kó ọkà tó bàjẹ́ náà jáde. Ìyẹn dùn mí ju èébú lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo pọn ọmọ, mo gbé abọ́ lọ bá Hájíyà tó ń ta kòkó àti kọ́sé, ẹ̀kọ mímu àti àkàrà àwọn Hausa, ní ìkòríta wa. Màmá ló bu omidùn fún un nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ọjà lọ́jọ́ tó ti pẹ́. Mo fi Hausa ròyìn ẹ̀ṣẹ̀ mi fún un, ojú ń tì mí.

“Kai! Amarya!” Ìyàwó ló ń pè mí bẹ́ẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ìgbakọ fi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. “Bílíìṣì kẹ̀? Ṣé aṣọ lo fẹ́ fọ̀ nínú ìkòkò ni?” Ó bu omi kíkan kún abọ́ mi. Nígbà tí mo ń dúpẹ́, ó ní, “Ti ìyá ọkọ ẹ ni. Ó kàn wá kí mi ni.”

Màmá tọ́ ọ wò, ó dijú. “Òun náà ni.”

A rẹ ọkà tuntun sínú bákẹ́ẹ̀tì, a bu omidùn náà sí i, ìkòkò wà nínú oòrùn títí òórùn ọsibítù fi kúrò lára ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, omi ń hó kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ láìsí iná lábẹ́ ẹ̀, ó ti kan. A lọ̀ ọ́, a sẹ́ ẹ, Màmá sì sè é dáadáa.

“Màmá, iná yẹn á pa àwọn òṣìṣẹ́ yín o.”

“Wọ́n ti ṣiṣẹ́ tán.”

Ọmọ lá ṣíbí àkọ́kọ́, ó fún ojú pọ̀, ó gbọ̀n, ó tún yanu. Màmá nu ẹnu ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló da omidùn tó kù sínú ike, èyí tó máa ń gbé sí yàrá ara ẹ̀, ó nà án sí mi.

“Gbà, bá mi tọ́jú ẹ̀.”