Ìkéde Títì Tuntun

Aláìjókòó ni wọ́n ń pe ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé kan, orúkọ ọ̀hún sì bá a mu. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ló ti ń gbálẹ̀ fún atẹ̀wé mìíràn. Kó tó pé ogójì, ó ti ní ẹ̀rọ tirẹ̀, ó sì ti wọ ìgbìmọ̀ ìlú. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fara balẹ̀ gbọ́ ajẹ́lẹ̀ òyìnbó títí ọ̀rọ̀ yóò fi tán. Ìdí tirẹ̀ kì í pẹ́ lórí àga. Lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí títì tuntun, òun ló kọ́kọ́ nawọ́, ó sì ti dé fìlà jáde kí wọ́n tó tẹ́ àwòrán ilẹ̀. Ohun a fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́ fún un?

Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n gbé ìkéde wá fún un láti tẹ̀: àwọn ilé tí wọ́n máa wó. Ó kà á dé ìlà kẹrin, ó tún un kà. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni, ní òdìkejì ilé ìtẹ̀wé gan-an. Ẹ̀gbọ́n tó pọ̀n ọ́n dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú.

Ó ń yí ẹ̀rọ po bí adìẹ tó fẹ́ yé. Ó jáde, ó wọlé, ó tún jáde. Nígbà tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó sáré tọ ajẹ́lẹ̀ lọ. Ajẹ́lẹ̀ kàn fi rúlà wọn àwòrán náà ni. Títì gbọ́dọ̀ fẹ̀. Bí kò bá mú ilé apá òsì, ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, yóò mú èyí tó kọjú sí i.

Ó padà dé, ó tú ìlà kẹrin, ó fọwọ́ ara rẹ̀ to òmíràn. Ẹni tó ń bá a to lẹ́tà yọjú wò ó.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un wò. Ilé iṣẹ́ wa lẹ kọ síbí o!"

"Ojú mi ò fọ́. Tẹ̀ ẹ́ kí n tó yí ọkàn padà."

Yíńkì ò tíì gbẹ tó fi mú ọ̀kan sọdá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò mọ̀wé, ó gba bébà náà, ó yí i síwá sẹ́yìn.

"Kí ni wọ́n kọ?"

"Àwọn tí títì máa gba ilé wọn ni. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀, ibi iṣẹ́ ẹ̀ ni wọ́n máa wó."

"Yéè! Ó mà ṣe o. Ṣó ní ẹ̀gbọ́n?"

"Ó ní, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kó yáa kó ẹrù ẹ̀ lọ síbẹ̀. Ilé ẹ̀gbọ́n kì í kún jù fún àbúrò."