Ẹni Tó Wá Gba Kọ́kọ́rọ́ Mọ́tò Lọ́sàn-án Gangan

Òótọ́ ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, mi ò sì lá a lójú àlá. Ojú mi méjèèjì ló rí i, etí mi sì ń gbọ́ ọ títí di ìsinsìnyí. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ yáa rẹ́rìn-ín báyìí. Tó bá yá, ó lè má wá mọ́.

Àwọn èèyàn rò pé òru nìkan ni irú nǹkan báyìí máa ń ṣẹlẹ̀. Irọ́ ni. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè ìdí tí wọ́n fi ń lé ọmọdé wọlé bí oòrùn bá ti dúró sí àárín orí.

Tchaourou ni mò ń gbé, lẹ́bàá ojú irin. Gàrí àti èlùbọ́ ni mò ń tà níwájú ilé. Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ó lè pẹ́ gan-an kí a tó rí i, nítorí náà èmi àti ìyá rẹ̀ la sábà máa ń wà nílé. Ìyá ti darúgbó, ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ju tèmi àti tiyín lọ. Bí adìyẹ bá yé ẹyin lẹ́yìnkùlé, Ìyá ló máa kọ́kọ́ mọ̀.

A mọ ògiri yí ilé wa ká, a sì fi ìlẹ̀kùn irin sí i. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń lọ sí oko tí mọ́tò kò lè dé fi máa ń gbé mọ́tò wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Kò sí èyí tó sọnù rí, kò sí èyí tí wọ́n họ lára rí.

Mufú, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, ló pè mí láti Kútọnu. Ó ní òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun méjì ń bọ̀ wá ṣe randonnée. Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí èèyàn máa fẹsẹ̀ rìn nínú igbó fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kó máa gun òkè, kó máa sùn ní abúlé tí ilẹ̀ bá ti ṣú u, kó tó padà.

"Ta ló ń lé yín?" ni mo bi í.

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ìgbádùn ni, Ẹ̀gbọ́n."

Ẹ gbà mí gbọ́, bàbá wa fẹsẹ̀ rin ọ̀nà oko yẹn títí ó fi kú, kò sì fìgbà kan pè é ní ìgbádùn.

Ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n dé. Mọ́tò pupa tí Mufú ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ni wọ́n gbé wá. Mo gbé omi fún un, ó mu ún tán, ó sì dojú ife délẹ̀ kí eruku má baà wọ̀ ọ́. Bí ìyá wa ṣe kọ́ àwa méjèèjì láti kékeré nìyẹn, kò sì tíì fi í sílẹ̀ láti ìgbà náà.

Ọ̀rọ̀ ibi tí mọ́tò máa wà ló wá di wàhálà. Ó lọ wo ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ó ní ibẹ̀ dá jù. Ó lọ wo ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí, ó ní àwọn ọmọdé á gbá bọ́ọ̀lù lù ú. Lẹ́yìn èyí ló wá rántí pé òun ní ẹ̀gbọ́n.

Ó gbé e wọ inú ọgbà wa, ó fi òkúta di táyà. Ó ṣí imú mọ́tò, ó tú wáyà bátìrì, ó ní bí olè bá tilẹ̀ wọlé, mọ́tò náà kò ní dún. Ó fi tapólì bò ó. Nígbà náà ló tó fi kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fún ẹnikẹ́ni o. Kódà bí wọ́n bá ní èmi ni mo rán àwọn. Èmi nìkan."

"Ìwọ nìkan," ni mo wí, mo sì so ó mọ́ etí ìró mi.

Wọ́n gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n jáde. Mufú padà wá, ó ní òun fẹ́ wo fèrèsé mọ́tò bóyá ó tì. Ó jáde, ó tún padà, ó gbé ọwọ́ lé orí mọ́tò náà bí ẹni tó ń rẹ ọmọ. Ìyá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti orí ẹní.

"Ọmọ, ẹni tó ti jáde fún ìrìn àjò kì í padà sẹ́yìn! Máa lọ!"

"Bọ̀n, ó dáa, Ìyá, mo ti lọ." Ó ń rẹ́rìn-ín. Wọn ò tíì jìnnà lójú ọ̀nà abúlé Goro tí fóònù mi fi dún.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?"

"Ó ń jẹ èlùbọ́ mi lọ́wọ́," ni mo dá a lóhùn.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, fóònù rẹ̀ kò wọlé mọ́. Ìyá ń mi orí. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ọmọ yìí lọ, ọkàn rẹ̀ kò lọ. Inú mọ́tò ló fi í sí. Kò dáa bẹ́ẹ̀." Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbà lásán ni.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀sán pọ́n gan-an, mò ń kó èlùbọ́ tí mo sá sórí ẹní. Fèrè mọ́tò dún nínú ọgbà.

Mo ní ojú pópó ni. Ó tún dún. Mọ́tò tí wọ́n ti tú wáyà bátìrì rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí ló fi ń fun fèrè? Èlùbọ́ ọwọ́ mi dà sílẹ̀.

Mo wo Ìyá. Ó ti kọjú sí ibi tí mọ́tò wà, ó ń juwọ́ sí mi pé kí n má lọ. Ṣé mo gbọ́? Mo lọ, mo ká tapólì sókè díẹ̀. Gbogbo ìlẹ̀kùn wà ní títì. Ṣùgbọ́n àga awakọ̀ tí Mufú fi sílẹ̀ ní ìdúró ti lọ sẹ́yìn, bí ìgbà tí èèyàn nà sórí rẹ̀. Mi ò mọ bí mo ṣe padà dé ọ̀dọ̀ Ìyá.

Ọ̀sán ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, wọ́n kan ìlẹ̀kùn irin. Mo yọjú. Mufú ni. Inú mi dùn débi pé mi ò bi ara mi pé kí ló mú un tètè dé. Aṣọ tó wọ̀ lọ ló wà lọ́rùn rẹ̀. Kò sí àpò lẹ́yìn rẹ̀, kò sì sí ẹnikẹ́ni pẹ̀lú rẹ̀.

"Káàbọ̀ o! Àwọn tó kù ńkọ́?"

"Wọ́n ń bọ̀." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ gan-an. "Ẹ̀gbọ́n, kọ́kọ́rọ́ mi."

Níbi tiwa, ẹni tó bá ti ọ̀nà dé kì í sọ ohun tó bá wá kó tó mu omi. Ì báà jẹ́ ọmọ ilé, omi la kọ́kọ́ ń gbé fún un. Bó bá mu ún, a mọ̀ pé àlàáfíà ni. Mo lọ bu omi nínú ìkòkò, mo gbé e fún un lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbà á, ó gbé e kan ẹnu, ó dá ife padà fún mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú etí ìró mi.

Ẹnì kan fà mí láṣọ láti ẹ̀yìn. Ìyá ni. Mi ò mọ ìgbà tó dìde lórí ẹní. Ó sọ ọ́ sí mi létí, wúyẹ́wúyẹ́:

"Ṣé ó mu omi yẹn? Mi ò gbọ́ ọ̀fun rẹ̀."

Mo wo ife. Omi náà kún dé ẹnu bí mo ṣe bù ú.

Mo wá wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà wa nígbà ọyẹ́, ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá rìn láti ìta dé ìsọ̀ mi lásán, eruku pupa á ti bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàtà Mufú mọ́ tónítóní.

Ó na ọwọ́. "Ẹ̀gbọ́n, kọ́kọ́rọ́ mi."

"Mu omi rẹ ná," ni mo wí.

Ó wo ife náà pẹ́, bí ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n ń fi omi ṣe. Ojú rẹ̀ kò burú o. Ohun tó dẹ́rù bà mí jù nìyẹn, torí ojú àbúrò mi gan-an ni. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin lọ. Igi kajú kan wà níbẹ̀. Ó kọjá sẹ́yìn igi yẹn, kò sì yọ ní òdìkejì.

Mo ti ìlẹ̀kùn, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo bú sẹ́kún. Ohun tí ẹ̀ ń rò yẹn ni èmi náà rò. Wọ́n ní ẹni tó bá kú sọ́nà máa ń wá yọjú sí ará ilé rẹ̀. Mo pe fóònù rẹ̀ títí, kò wọlé. Mo ní kí n lọ ké sí àwọn ará àdúgbò, Ìyá kọ̀.

"Má fi ẹnu ara rẹ pe àbúrò rẹ ní òkú," ni ó wí. "Dúró dè é."

Mo dúró. Oúnjẹ ò lọ lọ́fun mi. Ohun kan ṣoṣo tí mo tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run ni pé kí Mufú padà, kó wá jókòó sínú mọ́tò rẹ̀, kó máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọjọ́ kejì, lásìkò ìrun àsárì, mo gbọ́ ariwo zẹ́mí lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọlọ́kadà wa yẹn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sọ̀ kalẹ̀. Eruku ti sọ wọ́n di pupa, ọ̀kan ń tiro, Mufú ń jó. Mo sáré dì mọ́ ọn. Ara rẹ̀ gbóná, ó ń rùn fún òógùn. Wàláhì, òógùn kò dùn mọ́ mi nímú tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Kọ́kọ́rọ́ mi dà, Ẹ̀gbọ́n?"

Ayọ̀ ti pa mí níyè. Mo tú u létí ìró mi, mo fi lé e lọ́wọ́. Ìgbà tó gbà á tán ni mo tó rántí omi.

Mo sáré lọ bù ú. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mu tiwọn gbẹ, wọ́n tún béèrè. Mufú ti tẹ̀ mọ́ imú mọ́tò, ó ń so wáyà bátìrì.

"Ẹ gbé e sílẹ̀, Ẹ̀gbọ́n. Mo ti mu omi inú ọ̀rá lọ́nà."

"Mu èyí tí mo bù."

"Dákọ̀ọ̀, dákọ̀ọ̀, mo ti gbọ́." Ó gba ife náà, ó yí ẹ̀yìn sí mi. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kígbe pé ilẹ̀ ń ṣú lọ. Ó gbé ife lé orí mọ́tò, ó wọ inú mọ́tò, ó tẹná. Bí mọ́tò ṣe ń jáde, ife náà já bọ́, omi sì dà sílẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó mu níbẹ̀. Mo fi Ọlọ́run búra, mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Mufú tó ń padà wá wo fèrèsé lọ́jọ́sí, kò wẹ̀yìn wò rárá.

Mo sáré wọ yàrá lọ bá Ìyá. "Ìyá, ṣé ẹ gbọ́ ọ̀fun rẹ̀?"

"Orí ìrun ni mo wà," ni Ìyá wí. "O ò ṣe dúró dè mí?"

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, wọ́n tún kan ìlẹ̀kùn irin.

"Ẹ̀gbọ́n. Ẹ bu omi fún mi."

Ohùn Mufú ni, ṣùgbọ́n ó ti ha. Mo fi ojú kan wo ihò ìlẹ̀kùn, mi ò rí ẹnì kankan. Ohùn náà kò dákẹ́. "Òùngbẹ ń gbẹ mí, Ẹ̀gbọ́n." Ìyá ti di ìró mi mú, ó ń mi orí.

Mo pe Mufú ní Kútọnu. Ó gbé e lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ̀gbọ́n, báwo ni? Ibi iṣẹ́ ni mo wà."

Etí ọ̀tún mi, Mufú ń kí mi. Etí òsì mi, Mufú ń tọrọ omi. Mo kàn ń mí sínú fóònù.

Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má dá a lóhùn."

Mi ò tíì sọ fún un pé ẹnì kan wà lẹ́nu ọ̀nà.

Láti ìgbà náà, ìyàwó Mufú sọ fún mi pé bí ọkọ òun bá ti ibi iṣẹ́ dé, inú mọ́tò ló ń jókòó sí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó ní kò ṣàìsàn, kò bínú, ó kàn jókòó ni. Ó ní ṣé aáwọ̀ kan wà láàárín èmi àti Mufú ni.

Ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi o. Bí ẹ bá fẹ́ gbé mọ́tò yín sílẹ̀ lọ fẹsẹ̀ rìn, ẹ wá ibi tó dáa gbé e sí, kí ẹ sì mú ọkàn yín dání lọ. Ẹ má padà sẹ́yìn. Ẹ̀yin tí wọ́n sì ń gbé mọ́tò tì, ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní kọ́kọ́rọ́, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá yín, àfi bí ẹ bá fojú rí i tí omi sọ̀ lọ́fun rẹ̀.

Ní tèmi, mi ò dá a lóhùn rí. Ṣùgbọ́n àbúrò mi ni, tàbí ohun tó jọ ọ́, n kò sì lè máa gbọ́ òùngbẹ rẹ̀ lójoojúmọ́. Kí ọ̀sán tó pọ́n, mo máa ń gbé ife omi kan sí ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn irin, níta. Bí mo bá padà lọ wò ó, omi ti tán.

Ẹ lè ní ewúrẹ́ ló ń mu ún. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ewúrẹ́ tó ń mu omi tán, tó ń dojú ife délẹ̀.