Fọ́tò Mẹ́jọ Lórí Tábìlì

Ọkọ̀ àwọn sójà òyìnbó tó wá kọ́ àwọn ọmọ ogun ojú omi wa níṣẹ́ ló gbá ọkọ̀ ìpẹja wa lórí ọ̀sà Bariga. Ọkọ mi kú síbẹ̀. Sójà tó wa ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló fà mí jáde kúrò nínú omi.

Nígbà tí ọlọ́pàá ránṣẹ́ pè mí, ẹ̀rù bà mí pé àwọn sójà lè tìtorí ọ̀rọ̀ tí mo bá sọ wá mi wálé. Ìyá ọkọ mi ló mú mi lọ. "Ìyàwó, ìwọ lo rí i," ló wí, ó sì jókòó dè mí níta.

Ọlọ́pàá to fọ́tò mẹ́jọ sórí tábìlì. Mo dá ojú sójà náà mọ̀ láàárín wọn. Mo rántí ọwọ́ tó fi fà mí, àmọ́ mo rántí ọkọ mi náà. Mo nàka sí i, mo sì buwọ́ lùwé.

"Ẹ ṣé, ma. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi bàálù gbé e lọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àdéhùn ìjọba wa àti tiwọn ni pé ìlú wọn ni wọ́n ti máa gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀."

"Kí lẹ wá pè mí fún?"

"Fáìlì gbọ́dọ̀ pé, ma."

Ìyá ọkọ mi dìde bó ṣe rí mi. "Ṣé o nàka sí i?"

"Mo nàka sí i, Màámi."

"Ọjọ́ wo la máa lọ sí kóòtù?"

Mo ní wọ́n á ránṣẹ́ sí wa. Láti ọjọ́ náà ló ti lọ aṣọ tó fẹ́ wọ̀ lọ sí kóòtù, ó fi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mi ò tíì lè sọ fún un.