Orúkọ Tó Wà Lápá Ọ̀tún

Ẹni tó bá wọ ilé ìyá aránṣọ yìí, kọ̀ǹpútà ni yóò kọ́kọ́ rí kó tó rí ìyá fúnra rẹ̀. Orí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ló wà, ó ń tan ìmọ́lẹ̀ tọ̀sán-tòru; bí iná bá lọ fún ìgbà díẹ̀, bátìrì ló ń gbé e. Ọkọ rẹ̀ ló ni ín. Ọkọ ti kú. Kọ̀ǹpútà ò mọ̀.

Nígbà ayé rẹ̀, mọ́tò fáànù tàbí ti ẹ̀rọ ìfọṣọ tó bá jóná ni bàbá yẹn máa ń tú, tí yóò sì we wáyà tuntun sí i. Wáyà-Ò-Jóná ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí ojú kò ká wáyà tín-ín-rín mọ́, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó sì rí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀, àwọn alátùn-únṣe rédíò àti mọ́tò láti ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n kóra jọ sínú yàrá ọ̀rọ̀ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Yàrá náà kò ní àwòrán, kò ní ohùn. Ọ̀rọ̀ lásán ni, ìlà kan lábẹ́ ìlà kan, orúkọ ẹni tó sọ ọ́ níwájú rẹ̀. Lápá ọ̀tún, orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá tò wálẹ̀ bíi bọ́tìnnì àyà ṣẹ́ẹ̀tì.

Orúkọ Wáyà-Ò-Jóná ṣì wà láàrin wọn. Bí kọ̀ǹpútà ò bá kú, tí ẹni tó ni ín ò sì jáde, orúkọ kì í kúrò. Àṣà wọn níbẹ̀ ni pé èèyàn lè jókòó fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìfọhùn, kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló dé. Ìdákẹ́ òkú kò wá yàtọ̀ sí ti alààyè lójú wọn.

Ìyá kò sunkún. Láti ọjọ́ ìsìnkú làwọn èèyàn ti ń wo ojú rẹ̀ bí ẹni ń wo ojú ọ̀run nígbà ọ̀dá. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ní ọkàn obìnrin náà le. Kò le, kò sì rọ̀. Ó dà bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé pẹ́: ẹsẹ̀ ẹni ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ gún un, èèyàn ò ní mọ̀ ọ́n lára. Ó ń ránṣọ, ó ń jẹun, ó ń fi àkísà nu eruku yí kọ̀ǹpútà ká láìfọwọ́ kan nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, á fi ìka tọ àwọn orúkọ yẹn wálẹ̀ títí yóò fi kan ti ọkọ rẹ̀. Ìwé tó kà kò ju kó mọ Yorùbá kà lọ, ìyẹn sì tó o. Bó bá ti rí i, á dìde, á padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló yà wá lọ́jọ́ kan kó tó lọ síbi iṣẹ́, tó ní àwọn oníná ń bọ̀ wá pààrọ̀ mítà lọ́la, iná ò ní sí ní gbogbo òpópónà látàárọ̀ dalẹ́, bátìrì ò sì lè gbé kọ̀ǹpútà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìyá yíjú sí tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

“Bàbá ẹ wá ńkọ́?”

Ọmọ náà tẹ̀lé ojú ìyá rẹ̀ títí ó fi yé e. “Mọ́mì, bí kọ̀ǹpútà bá ti kú, orúkọ wọn á já bọ́ nìyẹn. Wọ́n á kàn kọ ọ́ síbẹ̀ pé Bàbá ti jáde.”

“Jáde lọ síbo?”

“Wọn kì í sọ ibo, mà.”

Ọkọ rẹ̀ kì í kúrò níbìkan láìdágbére. Bó bá lọ kí èèyàn, á dìde, á dágbére, á tún jókòó. Ìyá a máa bú u pé ìdágbére rẹ̀ gùn ju àbẹ̀wò rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ní ọsibítù, ṣe ló sùn, tí kò jí, kò bá ẹnikẹ́ni sọ nǹkan kan. Ibi kejì rèé tó tún fẹ́ kúrò bẹ́ẹ̀. Ìyá ò fẹ́.

Ó ní òun fẹ́ kọ̀wé sí àwọn èèyàn inú yàrá náà. Ọmọ ní kí òun bá a kọ ọ́. Ó kọ̀. Ó ní kó ṣáà fi bọ́tìnnì tó ń gbé ọ̀rọ̀ lọ han òun. Nígbà tí ọmọ ti lọ, ó jókòó, ó ń ṣa lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, ó sì tẹ bọ́tìnnì náà. Ìlà náà fò sókè:

Wáyà-Ò-Jóná: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wáyà-Ò-Jóná ti kú.

Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé, ẹni yòówù kó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, orúkọ tí kọ̀ǹpútà fi wọlé ló máa sọ̀rọ̀.

Inú yàrá dùn. Ẹnì kan tó ń jẹ́ Fíúsì ló kọ́kọ́ dáhùn: “Bàbá! Ẹ káàbọ̀ láti ọ̀run. Ṣé iná wà lọ́hùn-ún, àbí jẹnẹrétọ̀ lẹ̀yin náà ń lò?” Àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín. Ìyá ka ẹ̀fẹ̀ náà tán, inú ò bí i. Bí ọkọ rẹ̀ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á rẹ́rìn-ín títí yóò fi wúkọ́. Ó tún ṣa lẹ́tà, ó ní ìyàwó rẹ̀ lòun. Orúkọ ọkọ náà ló tún dúró níwájú ọ̀rọ̀.

“Ẹ ti wá di ìyàwó ara yín?” ni Fíúsì wí. “Ilé yín á tòrò nìyẹn.”

Alága tó ń tọ́jú yàrá ló ní kí wọ́n dákẹ́. Ó kọ̀wé jẹ́jẹ́ pé, bó bá jẹ́ ìyá ni lóòótọ́, kó fi orúkọ ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó kọ́ ọ pé kó tẹ bọ́tìnnì tó ní ìlà kékeré tó fì sápá kan, kó kọ ọ̀rọ̀ báyìí-báyìí tẹ̀lé e, kó wá fi orúkọ tó bá wù ú kádìí ẹ̀. Ìyá wò ó ṣe bó ṣe kọ ọ́. Ó kọ Aránṣọ, ó tẹ bọ́tìnnì.

Ìlà kan jáde tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni: Wáyà-Ò-Jóná ti di Aránṣọ.

Ó wo apá ọ̀tún. Àwọn orúkọ ti sún. Ó fi ìka tọ̀ wọ́n wálẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, ó tún padà sókè. Kò sí. Ibi tí ọkọ rẹ̀ wà, ẹlòmíràn ti sún síbẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló pa á rẹ́, àwọn oní-mítà ò tíì dé.

Lẹ́yìn náà ni Fíúsì kọ ọ́ pé kí ìyá foríji òun. Ó ní bàbá máa ń sọ pé òun ń lọ, aránṣọ òun ti gbé oúnjẹ kalẹ̀. Á dágbére, á tún dágbére, kò ní lọ.

Ìyá bi í pé ìgbẹ̀yìn tí bàbá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ṣé ó dágbére?

Fíúsì dáhùn: “Rárá, mà. Ó ní òun fẹ́ lọ wo omi tóun gbé kaná. Ó ní òun ń bọ̀.”

Alága ní bí ìyá ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ó lè kọ orúkọ ọkọ padà bẹ́ẹ̀, yóò sì hàn. Ìyá gbé ìka lé ìlà tó fì sápá kan yẹn. Ó fi í síbẹ̀. Ó wá gbé e kúrò, ó sì ṣa lẹ́tà mìíràn.

Aránṣọ: Kò ní lè padà wá mọ́. Ó ní kí n bá òun dágbére. Ẹ jẹ́ ó máa lọ.

“Ó dàbọ̀, Bàbá.” Wọ́n ń kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tí kò fọhùn látọjọ́ yìí náà ń kọ ọ́. Ìyá kà á láìfo ẹyọ kan. Nǹkan kan kò mì láyà rẹ̀.

Ó pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, ó ní báwo ni wọ́n ṣe ń pa nǹkan yìí. Ọmọ ṣàlàyé, ó wá bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bóyá ó sunkún. Ó ní rárá. Ó pa á. Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn. Ó jókòó níwájú rẹ̀ díẹ̀, bóyá nǹkan á wá. Síkẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan ṣì wà nídìí ẹ̀rọ, wọn ò tíì ká etí rẹ̀. Ó lọ ká a.