Àmì Ohùn Tí Happiness Fín

Happiness ni àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i ní Ọ̀kà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i ní ọdún tó lò kẹ́yìn ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kan ní Ìkàrẹ́, ẹ ó ní ta ló fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe yẹ̀yẹ́ báyìí. Ojú rẹ̀ kì í túká. Yíǹkì kì í kúrò ní èékánná rẹ̀, ọgbẹ́ kì í wọ́n ní ìka rẹ̀, ohun gbogbo tó bá sì dáwọ́ lé, ibi tó máa bàjẹ́ sí ló ń wá.

Iṣẹ́ àwòrán títẹ̀ ló yàn láàyò: kí èèyàn fín àwòrán sára pákó, kí ó fi yíǹkì kùn ún, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ẹnu dùn ún ròfọ́ ni. Rọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ pálọ̀ ló kọ́kọ́ fín, rọ́bà ń ya. Ó fi èédú yàwòrán, atẹ́gùn ń kó èédú lọ. Irin agboòrùn tó ti kú ló pọ́n lẹ́nu tó fi ṣe ọ̀bẹ ìfín, irin yọ̀, ó wọ̀ ọ́ lẹ́ran ọwọ́. Ní ọjọ́ kan tó lọ sílé ní Ọ̀kà, ó fẹ bébà sára àpáta tó wà lẹ́yìnkùlé wọn, ó ń fi èédú ra á kí ojú ara òkúta lè jáde sórí bébà. Ó ra á títí apá fi ń ro ó. Ìyá rẹ̀ yọjú lójú fèrèsé, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀.

“Happiness,” ó ní, “o ti nu òkúta yẹn tó. Wá fọ abọ́.”

Ìyá tó sọ̀rọ̀ yìí, Tíṣà Bridget ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọmọ Ìṣùà ni, Ọ̀kà ló lọ́kọ sí. Èdè Ìṣùà ni wọ́n fi tọ́ ọ. Iléèwé ni òun àti Yorùbá ti pàdé, pàṣán ló sì mú wọn mọra. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí òun náà di olùkọ́ Yorùbá, kò sí ohun tó kórìíra tó àmì ohùn tí a ṣì kọ. Ọmọ tó bá kọ ọkọ́ síbi tó yẹ kó kọ ọkọ̀, tí bàbá rẹ̀ wá wọ ọkọ́ lọ sí Ògbàgì, ọmọ náà ti rí ìjà. Ti ọmọ tirẹ̀ tún wá burú jù. Kí Happiness tó jẹun, yóò fi dò-re-mí kọ orúkọ ohun tó wà nínú abọ́ lórin. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé òun nìkan ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ nínú àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù.

Tíṣà Bridget kò ka àwòrán sí iṣẹ́. Olùkọ́ ló fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ṣe. Ó máa ń pè é láti Ọ̀kà pé, “Ìgbà wo lo fẹ́ fi eré ọmọdé yìí sílẹ̀?” Ọ̀rọ̀ náà a sì máa dun Happiness ju ọgbẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìpàtẹ iṣẹ́ àṣekágbá wọn ń bọ̀, ìyá rẹ̀ bá a ṣe àdéhùn kan.

“N óò wá wò ó. Bí mo bá rí ẹyọ kan tí ojú mi gbà pé iṣẹ́ ni, n ò ní dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ mọ́ láé.”

Láti ọjọ́ náà, Happiness kò ro ti máàkì mọ́. Ẹyọ kan yẹn ló ń wá. Ó sì pinnu pé ìyá rẹ̀ gan-an ni òun yóò fín: Tíṣà Bridget níwájú pátákó ìkọ̀wé, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ méjì lára pátákó náà, lẹ́bàá orí rẹ̀ gẹ́lẹ́: ÌYÁ MI.

Olùkọ́ wọn, Ọ̀gbẹ́ni Akínlọ́lá, ló kọ́ ọ ní ọ̀nà tó gbà ṣe é, ọ̀nà náà sì le. Pákó kan ṣoṣo, àwọ̀ mẹ́ta. Ohun tí yóò jẹ́ funfun ni o máa kọ́kọ́ fín dànù, kí o tó tẹ àwọ̀ tó fúyẹ́ jù lọ sórí gbogbo bébà rẹ. O tún fín lára pákó náà, o tẹ àwọ̀ kejì lé e. O tún fín, o wá fi dúdú kádìí rẹ̀. Bí àwòrán ti ń kún ni pákó ń tán.

“Ẹyin ni o,” Ọ̀gbẹ́ni Akínlọ́lá kìlọ̀. “Bó bá bọ́, ó fọ́ nìyẹn. Má sì jẹ́ kí n rí bírò lórí iṣẹ́ títẹ̀.”

Wàhálà mìíràn tún wà níbẹ̀. Ohun tó bá wà lápá ọ̀tún lórí pákó, apá òsì ni yóò bọ́ sí lórí bébà, nítorí náà ńṣe ni èèyàn ń da lẹ́tà kọ. Ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, wàhálà tirẹ̀ parí síbẹ̀. Àwa tí a ń kọ Yorùbá tún ní tiwa, nítorí àmì tó wà lórí lẹ́tà náà ń yí. Bí o bá fín àmì ìsàlẹ̀ sára pákó, àmì òkè ni yóò jáde. Bí o bá fín àmì òkè, ti ìsàlẹ̀ ni wàá rí.

Happiness mọ èyí dájú. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó fín ọ̀rọ̀ náà, ó jókòó ti pákó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó da gbogbo lẹ́tà kọ bó ṣe yẹ. Ó dé orí Ì. Àmì ìsàlẹ̀ ló fẹ́ kó jáde, ó sì rántí, ó fín in bí àmì òkè. Ó ku ti Á. Ibẹ̀ ni fóònù ti dún.

“Happiness, ọmọ Mísìs Grace tí ẹ jọ jáde ìwé mẹ́wàá ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìkáràm. Ìwọ ńkọ́?”

“Mọ́mì, mo ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.”

“Iṣẹ́ wo?”

Iṣẹ́ wo! Láti ẹnu ẹni tí òun ń fín ojú rẹ̀ lọ́wọ́, tí òun ti fi ìka òun méjì gba ọgbẹ́ nítorí rẹ̀! Inú bí Happiness débi pé omi lé sí i lójú. Ó ní ó dàbọ̀, ó sọ fóònù sórí bẹ́ẹ̀dì, ó mú ọ̀bẹ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wá fín àmì orí Á bí pàṣán ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ láti kékeré: àmì òkè. Kò yí i. Kò tilẹ̀ rántí pé nǹkan kan wà láti yí.

Ó tẹ àwọ̀ àkọ́kọ́. Yẹ́lò tó ṣá gan-an ni, funfun àwọn lẹ́tà náà kò sì hàn dáadáa nínú rẹ̀. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, yíǹkì kọ̀, kò gbẹ. Ó ta okùn yí yàrá ká, ó ń sá bébà sí i bí aṣọ. Sọ̀fíyàt, ẹni tí wọ́n jọ ń gbé yàrá, fi ìborùn kan ọ̀kan, ìborùn bàjẹ́, bébà náà bàjẹ́, àwọn méjèèjì kò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó tún fín, ó tẹ àwọ̀ pupa ilẹ̀ lé e, ojú ìyá rẹ̀ nìkan ló sì ń wò, kò wo lẹ́tà. Òmíràn nínú àwọn bébà náà yẹ̀, ìyá rẹ̀ ní ẹnu méjì. Òmíràn fà ya nígbà tó ń fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́. Ó ń bú wọn, ó ń kó wọn jù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Díẹ̀ ló kù nígbà tó fín pákó náà kẹ́yìn, tó fi dúdú kùn ún.

Nígbà tó ṣí bébà kúrò lórí pákó ní ọjọ́ tí ìpàtẹ ku ọ̀la, ìyá rẹ̀ ń wò ó. Mo ní ìyá rẹ̀ ń wò ó! Ojú tó ń dì díẹ̀, ìlà ẹ̀rẹ̀kẹ́, imú tó ń sọ pé mo gbọ́ ohun tí o sọ o. Happiness kígbe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Sọ̀fíyàt sún mọ́ ọn, ó rẹ́rìn-ín, ó wá nàka sí pátákó.

“Happy, ‘ìyà mi’ kẹ̀? Kí ni màmá ẹ ṣe fún ẹ?”

Ijó dá. Happiness wo pátákó inú àwòrán, níbi tí lẹ́tà funfun ti ń tàn yanran nínú dúdú: ÌYÀ MI. Kò sí àmì kan tó ṣìnà nínú rẹ̀, bí kò bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Ó fẹ́ fi dúdú bo àmì náà, ó ń dán bí epo. Ó fẹ́ fi abẹ fá a, bébà lu. Gígé kò ṣeé ṣe, nítorí ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni orí ìyá rẹ̀ wà. Pákó náà sì ti tán. Ó gbé e lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Akínlọ́lá, ìyẹn wò ó títí, ó mi orí.

“Àkọlé yìí jinlẹ̀,” ó ní. “Má fọwọ́ kàn án.”

Happiness fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí gbá ògiri. Ó pe ìyá rẹ̀ pé kó má wulẹ̀ wá, pé òjò ti mú kí ọ̀nà máa yọ̀.

“Ọjọ́ wo ni ọ̀nà Ọ̀kà kì í yọ̀?” ìyá rẹ̀ dá a lóhùn. “Mo ti lọ aṣọ mi.”

Tíṣà Bridget wá lóòótọ́, nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú báàgì tí bírò pupa kì í wọ́n nínú rẹ̀. Ó dúró níwájú àwòrán náà. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ó fọwọ́ kan imú ara rẹ̀.

“Èmi nìyí,” ó ní wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. “Bí mo ṣe ń wo ọmọ tó ń pariwo nìyí. Happiness, iṣẹ́ ni èyí.”

Ohun tí ọmọ náà ti ń retí láti ọdún yìí wá nìyẹn, kò sì ráyè yọ̀, nítorí ojú ìyá rẹ̀ ti kúrò lára àwòrán ojú ara rẹ̀, ó ti ń lọ sára pátákó inú rẹ̀. Ètè rẹ̀ ń mì. Ó ń fi ohùn kọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì: “Dò, dò, re.” Ó tún un kọ, kò yí padà.

“Mọ́mì, àṣìṣe ni. ‘Ìyá mi’ ni mo fẹ́ kọ.” Happiness fa pákó jáde lábẹ́ tábìlì. “Ẹ wò ó, àmì òkè ni mo fín síbí. Pákó ló yí i sí ìsàlẹ̀.”

Tíṣà Bridget gba pákó náà, ó wò ó, ó wo bébà, ó tún wo pákó. Kò pẹ́ tó fi yé e; olùkọ́ ni.

“Ó ń yí, mo ti rí i. Ṣùgbọ́n o rántí yí àmì orí Ì, ó sì jáde bó ṣe yẹ. Kí ló dé tí o ò yí ti Á?”

Happiness la ẹnu. Ohun tó wà láàárín àmì orí Ì àti àmì orí Á kò ju fóònù kan lọ. Bó bá sọ ọ́, yóò sọ pé ìbínú sí ìyá òun ló darí ọwọ́ òun. Kí ni ìyẹn fi yàtọ̀ sí ohun tó ti wà lára bébà? Ó pa ẹnu náà dé.

“Ọmọ tí mo kọ́ kì í ṣi àmì kọ,” ìyá rẹ̀ ní. Kò sọ ọ́ tìjàtìjà. Ńṣe ló tilẹ̀ ń yangàn díẹ̀, ìyẹn ló sì dun Happiness jù. “Ó dáa. Mo ti gbọ́. Bá mi dì í, mò ń gbé e lọ sílé.”

Ara ògiri pálọ̀ wọn ní Ọ̀kà ló wà títí di òní, lókè àga tí wọ́n ń fi àlejò sí. Happiness ti fín pákó mìíràn, ó ti tẹ èyí tí àmì rẹ̀ pé, ó gbé e lọ fún ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ dúpẹ́, ó yìn ín, ó tọ́jú rẹ̀ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó mú àdéhùn rẹ̀ ṣẹ pẹ̀lú, kò pè mọ́ láti béèrè ìgbà tí ọmọ rẹ̀ yóò fi pákó sílẹ̀. Bí fóònù bá dún ní Ìkàrẹ́ nígbà tí ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ Happiness, yóò sáré ju ọ̀bẹ sílẹ̀, yóò gbé fóònù. Ẹlòmíràn ni, kì í ṣe ìyá rẹ̀.