Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ń Wá Egungun Ilé

Ọjọ́ tí Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́ nà gbalaja sí àárín báǹkì ni gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà. Èrò tò lọ bẹẹrẹ níwájú àwọn òṣìṣẹ́, kálukú ń dúró de ìgbà tó máa kàn án, àfi bí wọ́n ṣe rí ìyá àgbàlagbà kan tó rọra kúnlẹ̀, tó fọwọ́ tilẹ̀, tó sì fẹ̀yìn lélẹ̀ bí ẹni tó délé. Obìnrin kan figbe ta. Ọkùnrin kan bọ́ kóòtù rẹ̀, ó ká a sábẹ́ orí ìyá. Ẹlòmíì sáré gbé omi dé, ó sì dà á sí i lójú kí ẹnikẹ́ni tó béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀.

“Ẹ gbé wọn síta!” Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ń pariwo. “Ẹ gbé wọn síta kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí wọn!”

Ìyá fọwọ́ nu omi kúrò lójú, ó sì gbé kámẹ́rà tó wà láyà rẹ̀ sókè. “Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin ọmọ mi, Ọlọ́run á bù kún yín. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún sẹ́yìn, ẹ̀ ń dí ìmọ́lẹ̀ mi.”

Àjà báǹkì náà ló ń yà. Ó ní bí wọ́n ṣe to àwọn irin tó gbé òrùlé dúró kò yàtọ̀ sí bí iṣan ṣe tò lábẹ́ ewé ìbẹ́pẹ, ó sì pẹ́ tó ti ń wá irú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó tẹjú mọ́ bàtà ara rẹ̀. Ẹnì kan bi í bóyá ó mọ ìyá yẹn. Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Ó jọ pé mo ti rí wọn níbì kan rí.”

Awakọ̀ ọkọ̀ ojú irin ni ọkọ náà kó tó fẹ̀yìn tì, ìdí nìyẹn tí àwọn ará àdúgbò fi ń pè é ní Bàbá Rélùwéè. Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí. Ọwọ́ rẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ìlú bọ́ sí nígbà tí wọ́n wá sáyé, ṣùgbọ́n òun àti ọkọ rẹ̀ kò bí ọmọ kankan. Wọ́n ti sunkún ìyẹn tipẹ́, wọ́n sì ti nu omijé nù. Ilé wọn parọ́rọ́. Bàbá ń ka ìwé ìròyìn, Ìyá ń bomi rin òdòdó ojú fèrèsé, títí di àárọ̀ ọjọ́ tí Ìyá gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀ tó ní òun ti forúkọ sílẹ̀ níléèwé.

“Iléèwé wo, Nọ́ọ̀sì?” Orúkọ tí Bàbá ń pè é nìyẹn láti ìgbà tí wọ́n ti ń fẹ́ra.

“Níbi tí wọ́n ti ń kọ́ fọ́tò yíyà.”

“Pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ yìí? Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

“Ẹ̀yin náà ti fẹ̀yìn tì, ẹ sì ń jí láràárọ̀. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?”

Bàbá Rélùwéè ronú sí ọ̀rọ̀ náà títí tíì rẹ̀ fi tutù.

Lọ́jọ́ tí Ìyá kọ́kọ́ wọ kíláàsì, gbogbo àwọn ọmọ ibẹ̀ dìde, wọ́n kí i pé ẹ káàárọ̀ mà, wọ́n rò pé olùkọ́ tuntun ló dé. Ìyá ní kí wọ́n jókòó, wọ́n jókòó. Ó ní kí wọ́n ṣí fèrèsé, wọ́n ṣí i. Ìgbà tí olùkọ́ gan-an wọlé tó sì bá a lórí ìjókòó ọwọ́ iwájú, tó ń gbẹ́ lẹ́ẹ̀dì, ni ọ̀rọ̀ tó yé wọn, wọn ò sì pè é ní ohun mìíràn mọ́ ju Ìyá Akẹ́kọ̀ọ́ lọ.

Olùkọ́ náà jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin gíga kan tí kì í rẹ́rìn-ín. Ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú nǹkan kan ṣoṣo tó máa fi gbogbo ọdún yà. Ẹnì kan mú ojú èèyàn, ẹnì kan mú bàtà. Ìyá ní egungun lòun fẹ́.

“Egungun kẹ̀, mà? Egungun ta ni?”

“Ti ewé àti ti ilé. Mo fẹ́ mọ ohun tó ń gbé wọn dúró.”

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó yẹ kó gbé wá pẹ́, nítorí ó ń dúró kí oòrùn yọ sí ara òpó kan. Olùkọ́ bínú. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ mọ àkókò. Ìyá wò ó láti òkè délẹ̀, ó bi í lórúkọ ìyá rẹ̀, olùkọ́ sì dáhùn láìmọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

“Mo mọ̀ ọ́n,” ni Ìyá wí. “Orí ńlá yìí ni mo kọ́kọ́ rí. Ìwọ náà pẹ́ kó o tó jáde, ọmọ mi. Mo dúró tì ọ́ títí ẹ̀yìn fi ń ro mí, mi ò sì pariwo mọ́ ọ.”

Kíláàsì rẹ́rìn-ín débi pé olùkọ́ ní láti lọ dúró síta. Láti ọjọ́ yẹn, kò bá Ìyá sọ̀rọ̀ àkókò mọ́.

Nílé, Bàbá Rélùwéè ló ń jìyà ẹ̀kọ́ náà. Ó ra kábéèjì lọ́jọ́ kan, ó ń retí ọbẹ̀. Ìyá là á sí méjì, ó gbé ààbọ̀ kan sójú fèrèsé, ó sì gbàgbé iná.

“Ẹ wá wò ó, Awakọ̀. Òpó ló wà láàárín yìí. Gbogbo ewé ló fẹ̀yìn tì í, tí wọ́n ń yí i ká lọ sókè. Bí àtẹ̀gùn tó lọ́ sókè nínú ilé iṣẹ́ àtijọ́ tí mo fi hàn yín yẹn ṣe rí gẹ́lẹ́!”

“Ebi ń pa mí, Nọ́ọ̀sì.”

“Ẹ ní sùúrù díẹ̀. Ojú ọ̀run máa tó là.”

Ojú ọ̀run ò là. Òjò ń fọ́n bí ẹni ń sunkún, ó ń fọ́n lójoojúmọ́, Ìyá ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan kábéèjì títí ó fi rọ, tó pọ́n, tó ń rùn. Nígbà tí oòrùn wá yọ, Ìyá ya fọ́tò rẹ̀, ó sì mókè jù lọ ní kíláàsì. Ó sáré wálé wá ròyìn fún ọkọ rẹ̀ pé wọ́n yin òun gan-an ni.

Bàbá gbé búrẹ́dì gbígbẹ mì. “Ṣé wọ́n fi nǹkan jíjẹ kún ìyìn náà?”

Ọdún kejì ni ọkàn Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ tó bá gun òkè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú. Dókítà ní kó sinmi, kó má gun àtẹ̀gùn mọ́. Ìyá ní òun ti gbọ́, ó dúpẹ́. Bí wọ́n ṣe jáde sí àgbàlá ilé ìwòsàn, ó rí àtẹ̀gùn onírin tó lọ́ mọ́ ẹ̀yìn ilé náà, ó sì dúró síbẹ̀ tó ń wò ó bí ọmọdé ṣe ń wo súìtì.

Bàbá Rélùwéè gbé kámẹ́rà pamọ́ lọ́jọ́ yẹn, inú bàtà òjò tó fi ń ṣiṣẹ́ nígbà kan rí ló tì í bọ̀. Ó rò pé Ìyá máa jà. Ìyá ò jà, kò tilẹ̀ wá a. Ó gbé àga sójú fèrèsé, ó fi àwọn ìka rẹ̀ ṣe igun mẹ́rin, ó ń fi wo ilé tó wà lódì kejì, ó sì ń fẹnu dún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan pé, “Kẹ́ẹ́.”

“Kí lò ń ṣe yẹn?”

“Mò ń ya fọ́tò.”

“Níbo ni kámẹ́rà wà?”

“Ẹni tó jí i ló mọ̀. Kẹ́ẹ́.”

Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí ara Bàbá ò fi gbà á mọ́. Ó lọ mú kámẹ́rà náà jáde, ó gbé e lé e lẹ́sẹ̀, ó sì jókòó tì í.

“Dókítà ní tó o bá sinmi, o máa pẹ́ sí i.”

“Títí di ìgbà wo?”

“Díẹ̀ sí i.”

“Díẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ lò, Awakọ̀,” ni Ìyá wí. Ohùn rẹ̀ rọ̀. “Ẹ má fi tì mí mọ́lé.”

Láti ọjọ́ kejì ni Bàbá ti ń gbé báàgì tẹ̀ lé e káàkiri, tó ń kùn, tó ń bi í pé ṣé ó rẹ̀ ẹ́, ṣé kí wọ́n sinmi. Ó máa ń ní ẹsẹ̀ ara òun ló ń dun òun, kí Ìyá lè gbà láti jókòó.

Lọ́jọ́ tí ó ṣẹlẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀hún ń dùn ún lóòótọ́. Òtútù mú, òjò sì ṣú. Ìyá ní kó má ṣèyọnu, òun ò ní gun nǹkan kan, ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ilé iṣẹ́ àtijọ́ yẹn lòun ti fẹ́ ya òkè rẹ̀. Ó dá lọ.

Obìnrin tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ló wá sọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́. Ó wá sílé lẹ́yìn ìsìnkú, ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó kọ̀ kò dìde.

“Bàbá, ẹ dárí jì mí. Mo rí wọn lórí ilẹ̀. Mo rò pé iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe. Ta ni ò mọ̀ wọ́n? Èmi gan-an ni mò ń sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, pé ìyá ń dúró de oòrùn. Ọ̀gá kan tiẹ̀ bọ́ bàtà rẹ̀ sọ́wọ́ kó má bàa pariwo.” Ẹkún gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. “Ìgbà tí ìkùukùu là, tí oòrùn wọlé wá gba inú àtẹ̀gùn yẹn, tó mọ́lẹ̀ kedere, tí wọn ò sì yà á. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀.”

Bàbá Rélùwéè jókòó tì í sẹ́nu ọ̀nà.

“Wọn ò dí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀?”

“Ẹnì kankan ò dí i, Bàbá.”

Nǹkan kan bú jáde lọ́fun Bàbá. Ẹ̀rín ni. Ó rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń gbọ̀n, títí ẹ̀rín náà fi di ẹkún láìjẹ́ pé ó dáwọ́ dúró. Obìnrin náà ò mọ bóyá kí òun bá a rẹ́rìn-ín ni àbí kí òun dì í mú. Ó dì í mú, ó sì bá a rẹ́rìn-ín.

Ilé wá ṣófo lóòótọ́. Bàbá ń se tíì ẹni méjì, ó ń da ọ̀kan nù. Òdòdó ojú fèrèsé gbẹ. Àárín ìyẹn ni olùkọ́ gíga náà wá pẹ̀lú páálí ńlá kan. Iléèwé fẹ́ ṣàfihàn iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó parí ẹ̀kọ́, wọ́n sì ti fi Ìyá kún wọn. Àmọ́ wàhálà kan wà. Òun tóun jẹ́ olùkọ́, òun ò mọ èyí tó jẹ́ ewé yàtọ̀ sí èyí tó jẹ́ ilé nínú àwọn fọ́tò náà.

Bàbá tò wọ́n sílẹ̀ nínú yàrá, ó wọ awò ojú rẹ̀.

“Òrùlé ọjà rèé. Ibẹ̀ ni ajá ti lé wa. Èyí, ewé ni, àárín ẹrẹ̀ ni mo dúró sí, mo ń di agboorun mú. Afárá lèyí, òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí níbẹ̀.” Ó gbé òmíràn, ó mú un súnmọ́ ojú. “Kábéèjì mi rèé.”

Olùkọ́ tí kì í rẹ́rìn-ín kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan, kò sì yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò.

Lọ́jọ́ ìfihàn, àwọn èèyàn ń kà á, wọ́n ń fọwọ́ bo ẹnu, wọ́n ń pe ara wọn wá wò ó. Bàbá Rélùwéè dúró sí igun kan, ó wọ kóòtù ìsìnkú rẹ̀. Nígbà tí èrò ti lọ tán, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó dojú kọ fọ́tò ewé ìbẹ́pẹ kan tó tóbi. Ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, gbogbo iṣan rẹ̀ sì hàn, àwọn tínínrín tínínrín tó gbé ewé ńlá náà dúró. Ẹ̀ẹ̀mejì ni olùkọ́ wá sọ fún un pé wọ́n fẹ́ tilẹ̀kùn. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ó sì dúró.

“Bàbá, báwo ni Ìyá ṣe rí nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́mọge?”

“Alágídí ni,” ni Bàbá wí. Ó sún sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí bẹ́ǹṣì, ó fọwọ́ gbá ibi tó ṣófo. “Jókòó, ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò ṣeé gbọ́ lórí ìdúró.”